Ẹ̀ṣọ́ Orí Igi: Láti Ìyànà Ìpájà dé Àjàṣẹ́

Abẹ́ afárá Ìyànà Ìpájà ni mo ti máa ń mọ ibi tí ọdún dé. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú ètè gbẹ, àgbálùmọ̀ ni àwọn ìyá ọlọ́jà á kó kalẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀, máńgòrò á gba àtẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì borí èéfín dánfó. Ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Nítòsí àtẹ èso yìí náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń kiri oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun, àti ọ̀tápíápíá inú ìgò tí kò ní àmì kankan lára. Ẹnì kan náà lè fi ọwọ́ ọ̀tún ra máńgòrò, kó fi tòsì ra májèlé, kó tó wọ mọ́tò Ayọ̀bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi kúrò nílé wà láàárín ọjà méjèèjì yìí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 1.2 million sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, Alímọ̀ṣọ́, nìkan. Ilé ti fún mọ́ra, ṣùgbọ́n igi eléso kò tíì tán ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ìbẹ́pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, gúáfà fara ti fẹ́ǹsì, máńgòrò sì ń ṣíji bo ibi tí àwọn ayálégbé ń gbé mọ́tò sí. Àwọn ọmọ ilé ló ń jẹ púpọ̀ nínú èso wọ̀nyí, lójú ẹsẹ̀ tó bá já, láìfọ̀ ọ́.

Máńgòrò kan wà ní ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Ìpájà. Èèrà pupa ló ni orí rẹ̀, àwọn èèrà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń fa ewé tútù pọ̀, tí wọ́n á rán an pa, tí wọ́n á sì máa gbé inú rẹ̀. Ọmọ tó bá gun igi náà, ẹkún ló máa fi sọ̀kalẹ̀. Onílé bínú, ó ra ọ̀tápíápíá, wọ́n dà á sí gbogbo ìtẹ́ tí ọwọ́ tó. Èèrà tán. Nígbà tí àsìkò máńgòrò tún dé, igi so gan-an, ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi ọ̀bẹ là, ìdin ń yí nínú rẹ̀. Onílé ní oògùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ló kù. Èmi ti gbọ́ pé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ń mọ̀ọ́mọ̀ sin irú èèrà yìí sórí máńgòrò kí ìdin má baà wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí ẹnikẹ́ni tó tún da nǹkan sórí igi náà.

Ẹ̀rù oògùn yẹn kò ṣàdédé bà mí. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíápíá, oògùn tó ń ba iṣan ara kòkòrò jẹ́, tó sì lè ba ti ọmọ ènìyàn jẹ́ bákan náà. Nítorí rẹ̀ ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí wọ́n rí i pé èyí tó kù lára ẹ̀wà náà ti kọjá ààlà. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, ti 100ml, ní ọjà. Bí ìjọba bá ka oògùn kan sí ewu nínú ìgò, mi ò mọ ìdí tó fi yẹ kó wà lórí èso tí ọmọ ọdún mẹ́rin máa ṣà jẹ.

Mo wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nítorí ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, Ẹ̀gbẹ́dá ni oòrùn á ti bá a. A gba Ìdímù àti Ìgándò, a kọjá LASU já sí Ìyànà Ìbà, mo sì wọ mọ́tò Sẹ̀mẹ́. Láti Àgbárá lọ, igi àgbọn ń pọ̀ sí i títí a fi dé Àgbádárìgì. Lẹ́yìn ibẹ̀, ìdádúró ojú ọ̀nà pọ̀ débi pé obìnrin tó jókòó tì mí, tó ń ta aṣọ láàárín Èkó àti Kútọnù, sùn, ó jí, ó tún sùn, kí a tó rí ibodè. Bí a ti kọjá, mo yà lójú ọ̀nà Kútọnù, mo gun afárá tó wà lórí ọ̀sà, mo sì bọ́ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá ni mo fi béèrè ọ̀nà, Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pẹ̀lú Gùn àti Faransé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ dé Songhaï ní àdúgbò Ouando. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dá oko àti ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná níbẹ̀. Pàǹtírí ń di oúnjẹ ìdin, ìdin ń di oúnjẹ ẹja, omi inú adágún ẹja sì ń bọ́ ẹ̀fọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé irú kòkòrò tí à ń sá fún nínú máńgòrò ni wọ́n ń fi ìfarabalẹ̀ sin níbẹ̀, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan kò tó fún ibẹ̀, ṣùgbọ́n èèrà ni mo bá wá.

Ọ̀rẹ́ kan mú mi lọ bá bàbá kan tó ní oko máńgòrò àti ọsàn lójú ọ̀nà Sákété.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“O káàbọ̀, ọmọ mi. O kú ọ̀nà. Wọ́n ní nítorí èèrà lo ṣe ti Èkó wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọn ò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Wọ́n bu eérú ní ìdí àrò, wọ́n fi pa apá méjèèjì dé ìgúnpá, wọ́n ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Eérú kì í jẹ́ kí èèrà rí ibi dìmú. Lẹ́yìn náà ni a wọ oko, mo sì rí ohun tí mo wá wò: ìtẹ́ èèrà lórí máńgòrò kọ̀ọ̀kan, àti okùn tín-ín-rín tí wọ́n na láti igi kan dé òmíràn, tí èèrà pupa ń rìn lórí rẹ̀ ní lílọ àti ní bíbọ̀.

“Títì wọn nìyẹn,” ni Bàbá wí. “Ọ̀tá wọn ń bẹ nílẹ̀. Ìjàlọ wà, àwọn èèrà dúdú wà. Bí o bá ti na okùn, wọn ò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn wá, sà?”

“Àwọn kan wá fúnra wọn. Igi tí wọn ò dé ni mo gé ìtẹ́ sí, ní ìdájí, nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n ìdílé kan ni kí o kó sórí àwọn igi tí okùn bá so pọ̀. Bí o bá da ìdílé méjì pọ̀, ogun ni wọ́n máa jà títí ọ̀kan á fi tán. Kí o sì wá ìyá wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ni nínú gbogbo ìtẹ́ ìdílé kan, òkè lọ́hùn-ún ló sábà máa ń wà. Ìdílé tí kò ní ìyá kì í pẹ́ run.”

Mo dúró síwájú máńgòrò kan, mo ń wo ohun tí èèrà ń ṣe. Wọn kì í jẹ èso. Wọ́n ń rìn yí i ká, wọ́n ń lọ, wọ́n ń padà wá, bíi ọlọ́dẹ àdúgbò tí kò mọ wákàtí tí olè máa dé. Olè náà ni abo eṣinṣin èso. Ó ń bà lé máńgòrò tó ti gbó tí kò tíì pọ́n, ó ń fi ìdí gún awọ rẹ̀, ó sì ń yé ẹyin sábẹ́ awọ náà. Ó nílò ìgbà díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, èèrà kì í sì í fún un. Àwọn olùwádìí tún rí i ní Bẹ̀nẹ̀ pé òórùn tí èèrà bá fi sílẹ̀ lára èso ń lé eṣinṣin náà, kódà bí èèrà ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn eṣinṣin yìí, Bactrocera dorsalis, kì í ṣe ará ilé. Éṣíà ló ti wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní 2003, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ìwọ̀-oòrùn. Ní 2005, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ èso wò nínú oko máńgòrò mẹ́fà ní agbègbè Parakou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Níbi tí èèrà pupa pọ̀ sí, eṣinṣin ba nǹkan bí ẹyọ kan jẹ́ nínú 100. Níbi tí èèrà kò sí, ó ba tó 24 jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta máńgòrò lábẹ́ afárá fi agbọ̀n tirẹ̀ ṣírò iye owó tí ìyẹn jẹ́.

Ìmọ̀ yìí sì ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé tí wọ́n sọ pé Ji Han kọ ní Ṣáínà ní ọdún 304, ó sọ nípa àwọn ará gúúsù tó ń ta ìtẹ́ èèrà bẹ́ẹ̀ lọ́jà fún àwọn olóko ọsàn, pé ọsàn tí kò bá ní èèrà, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yà tiwa, Oecophylla longinoda, ni ìbátan ti Ṣáínà. A kò ra á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti wà lórí igi wa kí a tó mọ ohun tó ń jẹ́ máńgòrò.

Lábẹ́ igi kan tó dàgbà ju àwọn yòókù lọ, Bàbá sọ ìtàn mìíràn fún mi. Nígbà tí ara wọn ṣì le, láàárín 1980 sí 1990, kòkòrò funfun kan tí ìyẹ̀fun bo ara rẹ̀ dé bá máńgòrò agbègbè yìí. Oje dídùn tó ń jáde lára rẹ̀ ń kán sórí ewé, ewé ń dúdú kirikiri, igi kò sì so mọ́. Àwọn kan gé igi tí bàbá wọn gbìn lulẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún kòkòrò náà ni Rastrococcus invadens. Láti Éṣíà ló ti wá, ó sì fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀tá náà ni wọ́n wá lọ sí Íńdíà: agbọ́n kékeré kan, Gyranusoidea tebygi, tí kò tó hóró ìrẹsì, tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987, ní Bẹ̀nẹ̀ ní 1988. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 ṣírò èrè tí àwọn olóko máńgòrò Bẹ̀nẹ̀ ń rí nínú rẹ̀ sí nǹkan bí 50 million dọ́là lọ́dún.

“A kàn rí i pé ewé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́,” ni Bàbá wí. “Ìgbà tó yá ni wọ́n tó ṣàlàyé fún wa pé agbọ́n ni.”

IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ní ibùdó ní Abomey-Calavi lẹ́bàá Kútọnù, lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yẹn, Ìbàdàn tiwa sì ni orísun rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú agbọ́n Anagyrus lopezi sílẹ̀ ní 1981, agbọ́n tí wọ́n mú wá láti Paraguay nígbà tí kòkòrò kan fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní Áfíríkà. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹni tó mu gààrí ní Ìyànà Ìpájà ní ọ̀sán yìí jẹ agbọ́n yẹn ní gbèsè. Ọ̀tápíápíá kò mọ agbọ́n yàtọ̀ sí ìdun. Ibi tí wọ́n bá fọ́n ọn sí, agbọ́n náà á kú.

Mo bi Bàbá léèrè ohun tí èèrà kò lè ṣe, wọn kò fi nǹkan kan pamọ́. Èèrà pupa fẹ́ràn oje dídùn, nítorí náà ó máa ń dáàbò bo àwọn kòkòrò kan tó ń fa omi ewé, kí wọ́n lè máa ṣe oje fún un. Èyí ń ṣe igi ní ìpalára díẹ̀, ó sì yẹ kí a máa wò ó. Àwọn tó ń ká èso ń gba owó lé owó nítorí gígé tó ń gé wọn jẹ, àfi bí wọ́n bá fi ọ̀pá gígùn tó ní àpò lẹ́nu ká a, tí wọ́n sì fi eérú para. Ní ti àdán, Bàbá kò gbára lé èèrà nìkan. Ẹni tí àdán ń dà láàmú ní láti ká máńgòrò rẹ̀ bó bá ti gbó, kó jẹ́ kó pọ́n nínú ilé, tàbí kó na àwọ̀n bò ó.

Bàbá mú mi rìn yíká ìdí igi, mo sì rí i pé kò sí èso kankan nílẹ̀. Mo rò pé ohun tó yẹ kí Alímọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ kọ́ nìyí, ṣáájú èèrà pàápàá. Ìdin tó bá yó nínú máńgòrò tó já sílẹ̀ á jáde, á wọ inú ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti di eṣinṣin. Èso kan tó ń jẹrà lẹ́yìn fẹ́ǹsì lè bọ́ eṣinṣin tó máa ba ti gbogbo òpópónà jẹ́. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń ṣà wọ́n. Wọ́n ń dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ń so ó lẹ́nu pinpin, wọ́n ń gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí ìdin inú rẹ̀ á fi kú. Adìẹ ń tú èyí tó bá sá wọ ilẹ̀. Ní Ìpájà, fẹ́ǹsì pọ̀, eṣinṣin kò sì mọ fẹ́ǹsì. Bí onílé kan bá ṣà tirẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ kò ṣà, iṣẹ́ asán ni. Ìpàdé àwọn onílé ni ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí, ibẹ̀ sì ni mo máa gbé e lọ.

Gúáfà ló rọrùn jù láti dáàbò bò. Nígbà tí èso ṣì le tó sì tutù, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn tàbí ìwé àpò sìmẹ́ǹtì wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi okùn so ó lọ́rùn. Kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ooru inú ọ̀rá á mú un rà. Mo rí gúáfà tí wọ́n tú kúrò nínú ìwé bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sí ojú ihò kan. Ìbẹ́pẹ ní kòkòrò funfun tirẹ̀, Paracoccus marginatus, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n rí ní Gánà ní 2009. Bí a bá tètè rí i, omi tó ń ti páìpù jáde pẹ̀lú agbára àti ọṣẹ díẹ̀ á gbá a dànù. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, dóńgóyárò wà káàkiri Èkó: 500 gíráàmù ekuro rẹ̀ gbígbẹ, ká gún un, ká rẹ ẹ́ mọ́jú sínú lítà omi 10, ká sẹ́ ẹ, ká fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a fọ́n ọn, nítorí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń mú kí kòkòrò kọ oúnjẹ ni, kì í sì í jẹ́ kó lè bọ́ awọ dàgbà. Ẹni tó bá fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́ tó sì ń wá òkú kòkòrò láàárọ̀, kò ní rí i.

Nígbà tí mo ń dágbére, Bàbá fẹ́ gé ìtẹ́ kan fún mi. Mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun abẹ̀mí tí òṣìṣẹ́ kankan kò yẹ̀ wò kò yẹ kó bá èèyàn kọjá ibodè. Bóyá ara ọ̀nà tí eṣinṣin Éṣíà gbà dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

“O ò tiẹ̀ nílò rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Wọ́n wà ní Èkó. Wo orí ọsàn, wo orí kajú, wo orí fúrúùtù. Ibi tí o bá ti rí ewé tí wọ́n rán pọ̀, àwọn ni.”

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìgándò, mo ń wo òkè bí mo ti ń rìn. Lórí igi fúrúùtù kan níwájú ilé, ìtẹ́ wọn pọ̀. Mo kí ìyá tó ni ilé náà, mo ṣàlàyé ara mi. Onílé wa ti gbà lórí fóònù pé òun kò ní da oògùn sórí igi ní àsìkò yìí, kí a wo ohun tí èèrà máa ṣe.

“Ẹ fẹ́ kó wọn lọ?” ni Ìyá béèrè. “Ẹ kó wọn! Ọmọ mi ti ń wá owó oògùn wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ọmọ náà má tíì ra nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wá ní ìdájí Sátidé, kí n mú àkàbà tèmi dání, kí n má sì fi ìtẹ́ kankan sílẹ̀.